Bí a ṣe ń hùmọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi ooru tàbí òtútù tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn

Ta ni kò lè mú irin gbóná? Iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru tọ́jú ẹ̀yìn ni kí ooru náà dúró síbi tí a rán an lọ, kó sì tán nígbà tó yẹ kó tán. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan ìmọ̀lára tí a fẹ́ pa àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lè má jìnnà síra ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán ẹ̀rọ irú èyí wá, apá tó ń dá ooru dúró ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì sí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún onímọ̀ ẹ̀rọ, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbé èrò kan láti orí ìwé dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ dán nǹkan wò lára ara rẹ̀ nílé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ìrora kan, ẹ yan ibì kan

"Ẹ̀yìn ń dùn mí" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àwọn olùṣèwádìí fojú bù ú pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lágbàáyé ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ibi tí ìrora náà ti ń wá kò dọ́gba. Ti ẹnì kan ń wá láti oríkèé kéékèèké tó so eegun ẹ̀yìn kan mọ́ èkejì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní facet. Ti ẹlòmíràn ń wá láti dísìkì tó wà láàárín eegun méjì, tàbí láti inú eegun gan-an, tàbí láti gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára tí dísìkì tó yọ síta ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tí ìròyìn ìrora rẹ̀ ń gbà lọ. Ti facet ń gba ẹ̀ka tín-ín-rín kan tó fara ti eegun kọjá, níbi tí abẹ́rẹ́ lè bá a. Ti dísìkì kì í wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀. Nínú dísìkì tó le koko, ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lóde nìkan ni iṣan ìmọ̀lára dé. Ti inú eegun ni basivertebral, tó gba ihò kan lẹ́yìn eegun wọlé, tó wá ya ẹ̀ka lọ sókè àti sísàlẹ̀, síbi tí eegun ti pàdé dísìkì.

Ẹ wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ̀rọ yìí yóò mú … dé ìwọ̀n … fún ìṣẹ́jú …, láìjẹ́ kí … kọjá ìwọ̀n …" Bí àlàfo kan nínú rẹ̀ bá ṣì ṣófo, ẹ má tíì ra irinṣẹ́. Àlàfo kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè kún, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ẹ dúró ní igun, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ya ẹ́síréè kí abẹ́rẹ́ kan tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ wo ẹni tó di okùn mú àti ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ wo ìgbà tí dókítà gbé ojú kúrò lára àwòrán ẹ́síréè láti wá nǹkan lórí tábìlì, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ máa fi ooru ṣírò bí ẹni ń ṣírò oògùn

"Ẹ̀rọ mi ń gbóná dé 60°C" kò sọ nǹkan kan fún mi. Fún ìgbà wo? Níbo? Ooru inú ara dà bí oògùn: iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1947, Moritz àti Henriques fi hàn pé awọ ara lè jóná ní 44°C péré bí ooru náà bá wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, nígbà tí 60°C kò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ní 1984, Sapareto àti Dewey sọ irú òye yìí di ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ooru ṣì ń lò títí di òní: ẹ yí gbogbo ooru tí ẹran ara gbà padà sí iye ìṣẹ́jú tó bá 43°C mu. Lókè 43°C, dígírì kan tó bá lé, àkókò tí ọṣẹ́ kan náà ń gbà á dín sí ìdajì. Wákàtí kan ní 43°C jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 44°C, ó jẹ́ ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ní 46°C, ní 50°C kò sì tó ìdajì ìṣẹ́jú. Nísàlẹ̀ 43°C, dígírì kan tó bá dín, àkókò náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ tún ìlà yìí kà, nítorí ó túmọ̀ sí pé àṣìṣe dígírì méjì nínú ìwọ̀n lè sọ ìtọ́jú tó dára di ìjàm̀bá.

Àwọn òǹkà mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ lórí nìwọ̀nyí. Iṣan ìmọ̀lára ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní nǹkan bí 45°C. Eriksson àti Albrektsson rí i ní 1983 pé 47°C fún ìṣẹ́jú kan ti tó láti ba eegun jẹ́. Ìyẹn kan ẹ̀rọ tí ń lu eegun náà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ooru la fẹ́ kó mú wá. Kọ́lájìn, tó jẹ́ okùn tó so dísìkì pọ̀, ń súnkì ní nǹkan bí 60 sí 65°C. Ní 100°C omi inú ẹran ara ń hó, ẹran ń di èédú, èédú kì í sì í gbé iná dáadáa, nítorí náà ìtọ́jú náà á dá dúró lójijì láìparí.

Ní ti òtútù, láàárín nǹkan bí -20°C sí -100°C, okùn inú iṣan ìmọ̀lára á kú, àpò tó bò ó kò ní bàjẹ́. Ó lè gba inú àpò náà hù padà, ní mìlímítà kan sí méjì lóòjọ́. Ìyẹn ni pé ìrora á lọ, yóò sì padà. Àwọn kan rò pé àléébù nìyẹn. Èmi rò pé àǹfààní ni fún olùhùmọ̀ tó bá ń ro ti aláìsàn tí wọn kò tíì mọ orísun ìrora rẹ̀ dájú.

Bó bá jẹ́ ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láti òde ni ẹ fẹ́ ṣe, irú èyí tó ń fi omi gbígbóná tàbí tútù yí po, ìlànà IEC 60601-1, tó jẹ́ ti àgbáyé fún ààbò ẹ̀rọ ìwòsàn oníná, ti fi ààlà sí i fún irin tó bá kan awọ ara: 51°C tí kò bá tó ìṣẹ́jú kan, 48°C fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́wàá, 43°C bó bá lé ní mẹ́wàá. Ẹ má sì ṣèlérí pé yóò dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀rá abẹ́ awọ ń dínà ooru àti òtútù, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé èyí tó bá kọjá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tọpa ibi tí ooru ń sá lọ

Harry Pennes wọn ooru inú apá ènìyàn, ó sì tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1948. Títí di ìsinsìnyí, òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí ooru inú ara. Ohun tó sọ kò ta kókó: ooru tó wà níbì kan jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ fi síbẹ̀ àti èyí tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, kúrò níbẹ̀ ni èyí tó gba ẹran ara kọjá àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbé lọ.

Ẹ̀jẹ̀ gan-an ló mú ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀. Dísìkì àgbàlagbà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí náà ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kò rí ẹni gbé e jáde kíákíá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn dísìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn, omi tó yí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gbé ooru lọ. Wọ́n ń dáàbò bo okùn náà, wọ́n sì ń jí ooru gbé níbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó.

Eegun rírọ̀ inú kì í tètè gbé ooru kọjá, èèpo rẹ̀ tó le sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀rọ ló gbójú lé ààbò yìí. Bí eegun bá ti ya ńkọ́, tàbí tí kókó ti jẹ ògiri rẹ̀ ẹ̀yìn? Ààbò náà ti lọ nìyẹn. Bí irin tí wọ́n fi to ẹ̀yìn bá sì wà nítòsí, yóò fa iná àti ooru lọ síbi tí ẹ kò ronú sí. Ẹ kọ irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí sínú ìwé yín nísinsìnyí, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìlò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ohun tí yóò mú ooru tàbí òtútù wá

Radiofrequency ló wọ́pọ̀ jù: iná tó ń yí padà ní nǹkan bí 500 kHz. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mú nípa rẹ̀ ni pé wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ló ń gbóná. Ẹran ara tó yí orí abẹ́rẹ́ ká ló ń gbóná, òun ló wá ń mú abẹ́rẹ́ gbóná. Bó ṣe ń jó tún ní àpẹẹrẹ: ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń fẹ̀ sí, iwájú ẹnu rẹ̀ kì í jó púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ tẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, dípò kó kàn fi ẹnu rẹ̀ gún un. Ẹnì kan wá ronú pé bí a bá ń mú omi tútù yí inú abẹ́rẹ́ po, ẹran kò ní jó mọ́ ẹnu rẹ̀, iná á lè pọ̀ sí i, ibi tó jó á sì tóbi, á yọ sí iwájú. Ẹ kíyè sí i pé òtútù ni wọ́n fi yanjú ìṣòro ooru. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa wá.

Fún basivertebral, abẹ́rẹ́ onírin méjì ni wọ́n ń kì bọ inú eegun: 85°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ yìí ní 2016. Iná ń lọ láti irin kan sí èkejì, kò nílò pátákó tí a ń lẹ̀ mọ́ itan kí iná lè gba ibẹ̀ jáde kúrò lára, ewu kí awọ jóná lábẹ́ pátákó sì kúrò pátápátá.

Ultrasound, ìró tí etí kò lè gbọ́, ń bá eegun wọ̀yá ìjà, torí eegun ń gba agbára rẹ̀ mì. Èyí dára bó bá jẹ́ eegun lẹ ń lé, ó burú bó bá jẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lésà rọrùn láti gba inú okùn gíláàsì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó ń sọ ẹnu ara rẹ̀ di èédú. Ní ti òtútù, gáàsì tó fún mọ́ra gan-an ni a ń jẹ́ kó gba ihò kékeré jáde láti fẹ̀, ó sì ń tutù. Nitrous oxide ń hó ní nǹkan bí -88°C. Gáàsì náà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde padà, kò sì gbọdọ̀ jò sínú ara láé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ hùmọ̀ ìdádúró

Ìdajì àkókò yín yẹ kó parí síbí.

Ẹ fi ohun tó ń wọn ooru síbi tí ẹ̀rù ń bà yín, kì í ṣe síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nìkan. Ohun ìwọ̀n tó wà ní orí abẹ́rẹ́ á sọ bí ẹ ṣe ń jó o sí, kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá lo thermocouple, wáyà irin méjì tó ń wọn ooru, nítòsí iná radiofrequency, iná náà lè wọ inú ìwọ̀n rẹ̀, kó máa purọ́. Ẹ sẹ́ ariwo iná náà kúrò, tàbí kí ẹ lo èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ooru. MRI lè fi bí ooru ṣe ń yí padà hàn láì gún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n sábà ń lò kò ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rá, eegun líle pàápàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹ wá ro èyí tó burú jù: ohun ìwọ̀n yọ kúrò ní ipò rẹ̀. Ó ń ka 37°C. Kọ̀ǹpútà rò pé ibẹ̀ kò tíì gbóná, ó ń da iná sí i, ó tún ń da iná sí i. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá; ohun tí ẹ ní kó ṣe gan-an ló ń ṣe. Láti dènà èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bi ara rẹ̀ léèrè bí iná tó fi ránṣẹ́ bá ooru tó rí mu. Bí iná bá ń lọ tí ooru kò gòkè, kó dá dúró. Ẹ fi ohun ìwọ̀n méjì síbẹ̀, bí wọ́n bá ta ko ara wọn, kó dá dúró. Ẹ fi òpin sí agbára iná láìka ohun tí ìwọ̀n ń sọ sí. Kí iná kú bí dókítà bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ní òpin gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe ìdádúró kan tí kò sí sọ́fítíwíà nínú rẹ̀, wáyà àti irin lásán.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Mo máa ń rán wọn lọ ka ìtàn Therac-25, ẹ̀rọ ìtànṣán tó fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà láàárín 1985 sí 1987. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà onírin. Òun fi í sílẹ̀ fún sọ́fítíwíà.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn olùhùmọ̀ ń gbàgbé. Bí ẹ bá pa iná, ooru kò dúró lójú kan náà. Ibi tó jìnnà díẹ̀ sí abẹ́rẹ́ á ṣì máa gbóná sí i fún ìgbà kan, torí ooru tó ti wà lọ́nà ṣì ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá dúró di ìgbà tí gbòǹgbò iṣan dé 45°C ti pẹ́ jù.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìwọ̀n. Kí wọ́n tó jó ohunkóhun, àwọn dókítà máa ń fi iná kékeré yẹ ibẹ̀ wò: 50 Hz láti mọ ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára, 2 Hz láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ ń fò. Bí ẹsẹ̀ bá fò, abẹ́rẹ́ ti sún mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ fi agbára yìí sínú ẹ̀rọ yín, ẹ má sì jẹ́ kí iná ńlá ṣeé tàn kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ kọ gbogbo ewu tí ẹ ti rò sínú ìwé bí ISO 14971, ìlànà àgbáyé lórí ewu ẹ̀rọ ìwòsàn, ṣe là á sílẹ̀: ewu, ohun tó lè fà á, bó ṣe le tó, ohun tí ẹ ṣe sí i, ẹ̀rí pé ohun tí ẹ ṣe ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orí tábìlì

Ẹ pò jẹ́ẹ̀lì polyacrylamide pọ̀ mọ́ funfun ẹyin. Yóò mọ́ gaara bíi gíláàsì, ibi tí ooru bá ti jó o á di funfun, ẹ ó sì fi ojú rí bí ibi tó jó ṣe rí. Ẹ gbé e sínú omi 37°C, torí ìdánwò nínú yàrá tútù á tàn yín jẹ. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tàbí àgùntàn tí wọ́n ti pa, ẹ fi ohun ìwọ̀n sínú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ sì jẹ́ kí omi máa ṣàn nínú rẹ̀. Ẹran òkú kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, nítorí náà ohun tó jó níbẹ̀ sábà máa ń tóbi ju ti ẹran ààyè lọ. Ìyẹn lè jẹ́ kí ẹ rò pé agbára ẹ̀rọ yín tó, nígbà tí kò tó.

Ẹ dán ohun tó burú jù wò, kì í ṣe èyí tó wọ́pọ̀: abẹ́rẹ́ tó yà kúrò lọ́nà, ohun ìwọ̀n tó já, ọ̀nà omi tó dí. Ẹ tẹ abẹ́rẹ́ títí yóò fi kán, kí ẹ mọ ibi tó ti ń kán.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀

Mo fi í síbí, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ ni kí ẹ tó fi ẹ̀rọ náà han ẹnikẹ́ni tí kò fọwọ́ sí ìwé àṣírí. Amẹ́ríkà fún olùhùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ síta. Ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ti Yúróòpù kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbi àpérò lè pa ẹ̀tọ́ yín.

Ẹ wá ohun tó ti wà nílẹ̀ lórí Espacenet àti Google Patents, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ nìkan wá a, ẹ lo nọ́ńbà ìpín: A61B 18 fún irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ tó ń fi ooru tàbí òtútù ṣiṣẹ́, A61F 7 fún ohun tí a ń lò láti òde, A61B 17/70 fún irin ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ ka èyí tó ti parí náà: ogún ọdún ni pátẹ́ǹtì máa ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó bá ti kọjá ìyẹn di ti gbogbo ayé, ọgbọ́n sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀, oṣù méjìlá lẹ ní láti fi í sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tàbí láti gba ọ̀nà PCT, àdéhùn tó ń jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ètò náà fún orílẹ̀-èdè púpọ̀. Yúróòpù kì í fún ọ̀nà ìtọ́jú ara ènìyàn ní pátẹ́ǹtì, nítorí náà ẹ̀rọ àti bó ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí dókítà ń ṣe. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbésẹ̀ karùn-ún dáadáa, ibẹ̀ ni èyí tó lágbára jù yóò ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: òfin

Láti 1976 ni Amẹ́ríkà ti pín ẹ̀rọ ìwòsàn sí ìpele mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ yín bá jọ èyí tó ti wà lọ́jà, ọ̀nà 510(k) ni. Bó bá jẹ́ tuntun tí ewu rẹ̀ kò pọ̀ jù, De Novo. Bí ewu bá pọ̀, PMA. Ẹ béèrè ìpàdé lọ́wọ́ FDA kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá, wọn kì í gba owó rẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin 2017/745 ló ń ṣiṣẹ́ láti oṣù karùn-ún 2021: ẹ̀rọ tó ń fi agbára eléwu sínú ara sábà máa ń bọ́ sí ìpele IIb, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó máa kan okùn ọ̀pá ẹ̀yìn lásìkò iṣẹ́ abẹ á bọ́ sí III. Mìlímítà tí ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kìíní lè pinnu iye ọdún tí ẹ ó lò níbí. Ìyókù jẹ́ ìwé àti sùúrù: ISO 13485 fún bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe nǹkan, IEC 62304 fún sọ́fítíwíà, ISO 10993 fún ohun tó ń kan ara, IEC 62366-1 fún bóyá ènìyàn lè lò ó láìṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lára ènìyàn

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ IDET gbòde. Wọ́n ń ti wáyà sínú dísìkì, wọ́n á mú un láti 65°C lọ sí 90°C ní ìṣẹ́jú méjìlá àbọ̀, wọ́n á sì dá a dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èrò wọn ni pé kọ́lájìn á súnkì, iṣan ìmọ̀lára á kú. Ìròyìn àkọ́kọ́ dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ooru náà nínú dísìkì òkú, èyí tó tó láti súnkì kọ́lájìn kò jìnnà ju mìlímítà kan sí méjì sí wáyà lọ. Wọ́n wá fi í wé ìtọ́jú àfarawé, èyí tí wáyà wọlé tí iná kò tàn: ìwádìí kan ní 2004 rí àǹfààní díẹ̀, òmíràn ní 2005 kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ìrora máa ń gbọ́ ti ìrètí. Bí aláìsàn bá mọ̀ pé wọ́n ti ṣe nǹkan fún òun, ara rẹ̀ lè balẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má gbára lé ìdánwò tí kò ní àfarawé nínú, bó ti wù kí àwọn olówó máa kán yín lójú tó. Ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí, ẹ tẹ̀ lé ISO 14155 tó wà fún ìdánwò ẹ̀rọ ìwòsàn lára ènìyàn, ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó kà sí àṣeyọrí sílẹ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé. Nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́, ẹ má wá ìwòsàn rárá. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ìwọ̀n tí ẹ rí lára ènìyàn bá èyí tí ẹ rí lórí tábìlì mu.

Lẹ́yìn tó bá ti dé ọjà

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa kọ ìtàn gbogbo ìtọ́jú sílẹ̀: ooru, iná, àkókò, iye ìgbà tó dá ara rẹ̀ dúró àti ìdí rẹ̀. Ẹ máa ka àwọn ìdádúró yẹn lóṣooṣù. Bí ìdádúró kan náà bá ń wáyé ní ilé ìwòsàn púpọ̀, ó lè jẹ́ pé àwòrán yín ló ní àṣìṣe, kì í ṣe dókítà. Ẹ fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún abẹ́rẹ́ tó bá kán tàbí tó bá ṣe ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jù ú nù, kí wọ́n dá a padà.